Oríkì Tí Nathaniel Kì fún Onígbáméjì

Nathaniel Oyèdèjì kì í kàn wọlé báyìí bí ẹlòmíì. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà, á kọ́kọ́ dúró, á tún gíláàsì dúdú ojú rẹ̀ ṣe, á sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan kí gbogbo ẹni tó wà nínú ilé lè mọ̀ pé ẹni ńlá ń bọ̀. Ìyàwó rẹ̀, Fúnmbí, ti mọ ikọ́ yìí tipẹ́. Á dá a lóhùn láti ilé ìdáná pé ilẹ̀kùn ò tì, á sì máa rẹ́ ilá rẹ̀ lọ.

Olórin ni Nathaniel, ní àdúgbò Benson ní Ìkòròdú. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò tó o mọ́. Ọ̀kín Etí Ọ̀sà ló ń jẹ́, Ọkọ Máíìkì, Ẹlẹ́nu Ṣúgà, Gbajúmọ̀ Tí Gbajúmọ̀ Ń Wò. Ó ní àwọn olólùfẹ́ òun ló fún òun ní àwọn orúkọ wọ̀nyí. Israel tó ń tẹ píánò fún un ti bá a ṣiṣẹ́ pẹ́, kò sì tíì fojú kan ọ̀kan nínú àwọn olólùfẹ́ náà rí.

Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri kan lẹ́bàá ibùdókọ̀, èyí tó yà nígbà tí ikùn rẹ̀ ṣì ń gbọ́ràn sí bẹ́líìtì lẹ́nu. Tí òjò bá ti pa á, á ní kí Israel lọ lẹ òmíràn lé e lórí. Ìwé ti wá gun orí ìwé débi pé ògiri náà ti yọ ikùn bíi ti ẹni tó ni àwòrán.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ dùn. Wàhálà ibẹ̀ kò ju pé kò mọ orin míì í kọ lẹ́yìn kó kì ènìyàn. Bí wọ́n bá pè é síbi tí wọ́n ti ń ṣí ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù, á kì ẹni tó ni búlọ́ọ̀kù, á kì yanrìn, á kì sìmẹ́ǹtì, á sì kì ọkọ̀ tó kó wọn wá. Bí wọ́n bá pè é síbi ìsọmọlórúkọ, ọmọ á ti sùn lọ kó tó kì agbẹ̀bí tán. Níbi tí kò bá ti rí ẹni kì, ara rẹ̀ ló ń kì, ibẹ̀ ló sì ti máa ń pẹ́ jù.

Lásìkò òjò ọdún yìí, onígbáméjì wọ etí omi ní Ìjèdè, ní àdúgbò àwọn apẹja tó ṣí wá láti etíkun Òǹdó. Gbogbo ènìyàn ló mọ ìwà àìsàn náà: igbá kan fún èébì, igbá kejì fún ìgbẹ́ gbuuru, kò sì ní fún ènìyàn láyè kó yan ọ̀kan. Àwọn ọmọdé ló ń mú jù. Nọ́ọ̀sì Ọmọ́ṣaléwá, olórí ilé ìwòsàn kékeré tó wà níbẹ̀, ti pariwo kí wọ́n máa se omi kànga kí wọ́n tó mu ún, títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n á ní àwọn ti gbọ́, wọ́n á sì tún lọ fa omi.

Ìgbìmọ̀ kan wá pinnu pé bí wọn ò bá gbọ́ ti nọ́ọ̀sì, wọ́n á gbọ́ ti olórin. Wọ́n fẹ́ yan olórin kan tó máa fi orin kìlọ̀ fún ará ìlú, kí wọ́n sì fi í jẹ Aṣojú Ìlera láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni olórin náà á kọ́kọ́ lọ kọrin fún àwọn ará Ìjèdè. Tó bá di Sátidé, wọ́n á gbé ọ̀já oyè kọ́ ọ lọ́rùn ní Ẹ̀pẹ́, níṣojú àwọn tẹlifíṣọ̀n.

Àtìgbà tí Nathaniel ti gbọ́ nípa ọ̀já yìí ni oorun ò ti kùn ún mọ́. Wọn ò tíì yan ẹnikẹ́ni tó fi ní kí akunlé kan kọ AṢOJÚ ÌLERA gàdàgbà sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ó ń gbé táwẹ́ẹ̀lì Fúnmbí kọ́rùn níwájú dígí, ó ń rẹ́rìn-ín sọ́tùn-ún, ó ń rẹ́rìn-ín sósì, ó ń wo èyí tó máa bá ọ̀já náà mu. Ó ti kọrin fún ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, ó ti kì wọ́n títí wọ́n fi gòkè, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó pe òun náà síwájú rí. Ìyẹn ń dùn ún gan-an, ẹ̀fẹ̀ kọ́.

Ó bẹ ìgbìmọ̀, wọ́n yàn án. Nọ́ọ̀sì Ọmọ́ṣaléwá wá bá a ní Benson láti sọ ohun tó yẹ kó wà nínú orin. Ó ní kò pọ̀: kí wọ́n se omi, kí wọ́n fi ọṣẹ fọwọ́, kí wọ́n má yàgbẹ́ sétí omi, kí wọ́n sì po iyọ̀ àti ṣúgà fún ẹni tó bá ti ń ṣu bí wọ́n ṣe ń gbé e bọ̀ ní ilé ìwòsàn. Nathaniel fara balẹ̀ gbọ́ ọ dópin.

"Ó dáa, Nọ́ọ̀sì. Ta wá ni ọlọ́jọ́?"

"Ọlọ́jọ́ báwo, sà?"

"Ẹni tí a fẹ́ kì."

"Kò sí ẹni tí a fẹ́ kì, sà. Àìsàn ni."

Nathaniel ṣàlàyé fún un bí ẹni ń bá ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi sọ̀rọ̀ pé orin tí kò bá ní olówó orí, ilẹ̀ ló máa jókòó sí. Nọ́ọ̀sì ní kó kì àwọn ìyá tó ń se omi. Ó béèrè bóyá ọ̀kan nínú wọn lókìkí. Nọ́ọ̀sì ní kò sí. Ó béèrè bóyá ọṣẹ ní mọ̀lẹ́bí ní ìgboro. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ gbá itan, ojú rẹ̀ sì tàn lójijì.

"Ẹ wò ó, nínú gbogbo ìtàn tí ẹ sọ fún mi yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló lórúkọ. Òun ni rédíò ń pè. Òun ni dókítà ń sá fún. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Nọ́ọ̀sì rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Ó kábàámọ̀ ẹ̀rín yẹn lẹ́yìn náà.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n to sìpíkà sí etí omi ní Ìjèdè, láàárín àwọ̀n tí wọ́n sá sóòrùn. Tọmọdé tàgbà jáde. Israel tẹ píánò, ó dùn, àwọn ìyá tó ń yan ẹja fi ẹja sílẹ̀, ìdí bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Nathaniel gbọn ọwọ́ agbádá, ó sì ké:

"Onígbáméjì, akọni ọmọ,
A-wọlé-láì-kanlẹ̀kùn,
O gbá olówó mú, olówó ń sáré,
O gbá ọ̀mọ̀wé mú, ọ̀mọ̀wé gbàgbé ìwé,
Ìwọ lo mú ọkùnrin gìrìgìrì tó ń pe ìyá ẹ̀.
Ẹ bá mi kí i, akọni ọmọ!"

Ìdí tó ń yí ń dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Nathaniel rí i pé wọ́n dákẹ́, ó rò pé orin ló wọ̀ wọ́n lára, ó bá tún kì í lẹ́ẹ̀kejì, ó fi bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ kún un. Ìmọ̀ràn nọ́ọ̀sì wà níparí orin, lẹ́yìn ibi tó ti kì ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó dúró débẹ̀.

Bàbá Bámgbóṣé, tó dàgbà jù nínú àwọn apẹja náà, gbọ́wọ́ sókè kí wọ́n pa ẹ̀rọ.

"Ọmọ mi," ni bàbá wí, "níbi tí a ti ṣí wá, bàbá mi ò jẹ́ dárúkọ àìsàn yìí. Àlejò ni wọ́n máa ń pè é, jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n sì ń sọ ọ́. Ìwọ wá fi sìpíkà pè é létí ilé wa, o tún kì í tìdílé-tìdílé. Tó bá wá dúpẹ́ ńkọ́?"

Ẹlòmíì ì bá bẹ̀bẹ̀. Nathaniel rẹ́rìn-ín. Ó ní tí onígbáméjì bá fẹ́ dúpẹ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó kì í ló máa wá, àti òun àtẹni tí òun bá ti kì kì í ṣọ̀tá. Kí wọ́n lè gbà á gbọ́, ó ní kí wọ́n bu omi wá fún òun nínú kànga etí omi, èyí tí Nọ́ọ̀sì Ọmọ́ṣaléwá ti fi ọ̀dà pupa kùn lẹ́nu káàkiri kí ẹnikẹ́ni má baà mu ún. Wọ́n bù ú wá. Ó gbé ife sókè kí ẹni tó ń fi fóònù yàwòrán lè rí i dáadáa, ó sì dà á mì gbuu.

Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Àwọn kan ti ń gbé korobá, àwọn náà fẹ́ mu omi akọni. Nọ́ọ̀sì sáré lọ fi ara bo ẹnu kànga.

"Aṣojú ta gan-an lẹ fẹ́ jẹ́, sà?" ló bi í. "Ṣé ti ìlera ni àbí ti onígbáméjì?"

Nathaniel nu ẹnu rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń jowú ló máa ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì pe ìgbìmọ̀ lórí fóònù, ó ní kí wọ́n fagi lé ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí. Wọ́n ní àwọn ti rí fídíò, wọ́n ní àwọn ènìyàn jó. Nígbà tó ní ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n jó, wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ náà tó.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ìròyìn ti dé Ìkòròdú pé ọkùnrin kan ń kì onígbáméjì kiri. Nathaniel wọ búkà tó ti máa ń jẹun, gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ dìde, wọ́n lọ dúró sínú oòrùn pẹ̀lú àwo wọn. Ọlọ́kadà tó pè ní kò sí epo, bẹ́ẹ̀ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilé epo bọ̀ ni. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì fi igi ti búrẹ́dì sí i. Ó délé pẹ̀lú ìdùnnú, ó sọ fún Fúnmbí pé ọ̀já ò tíì dé ọrùn òun tí gbogbo ìlú fi ń bẹ̀rù òun bí ọba.

"Ẹ̀rù yín kọ́ ló ń bà wọ́n," ni Fúnmbí wí. "Ẹ̀rù ẹni tí ẹ kì ni."

Nígbà tó di Sátidé, Nathaniel ní òun ò bá títì lọ. Omi lòun máa gbà dé Ẹ̀pẹ́ kí àwọn tó wà ní èbúté lè máa wo òun bọ̀ lókèèrè. Ó wọ agbádá funfun, ó dúró sí iwájú ọkọ̀ ojú omi láti Èbúté Ìkòròdú, ó ń juwọ́ sí ẹnikẹ́ni tó wà létí omi. Ẹja lọ̀pọ̀ nínú wọn ń kó lọ́wọ́, wọn ò lè juwọ́ padà.

Wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí nǹkan kan fi yí padà nínú ikùn rẹ̀. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó tún yí. Israel rí i tó ń làágùn nínú atẹ́gùn, ó béèrè bóyá kò sí nǹkan.

"Ìgbì ni," ni Nathaniel wí.

Israel wo omi. Omi náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ní bí ọ̀gá bá fẹ́, ọkọ̀ lè yà sí Ìjèdè, kí Nọ́ọ̀sì wo ikùn náà. Nathaniel ro ọ̀rọ̀ náà. Ó ro ọ̀já, ó ro tẹlifíṣọ̀n, ó ro bí ẹlòmíì ṣe máa gbé ọ̀já òun kọ́rùn. Ó jókòó, ó pa itan pọ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Pápá tí wọ́n ti ń retí rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ kún dẹ́nu. Àwọn ará Ìjèdè náà wá, Nọ́ọ̀sì Ọmọ́ṣaléwá sì kó báàgì oògùn rẹ̀ dání, torí kò fọkàn tán ọjọ́ náà. Nathaniel bẹ Ìyáàfin Fọlọ́runṣọ́, alága ìgbìmọ̀, pé ṣé wọn ò lè gbé ọ̀já kọ́ òun lọ́rùn kíá kí òun máa lọ sinmi. Ìyá náà ní ètò ni ètò. Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ wà, ìkíni káàbọ̀ wà, orin wà, lẹ́yìn náà ni ọ̀já.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí gbogbo ẹni tó jókòó síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó tẹ̀ lé e ní òun fara mọ́ gbogbo ìkíni tó ti wáyé, ó sì tún wọn kí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nathaniel ń kúnlẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Ó ń gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó ń gbé èkejì lé èkíní. Kò sí ẹni tó gbọ́ pé ó wúkọ́ lọ́jọ́ náà, torí ẹ̀rù ń bà á láti wúkọ́.

Nígbà tí wọ́n pè é, wọ́n so máíìkì mọ́ ọn létí, irú èyí tí àwọn pásítọ̀ máa ń lò, torí ó ti sọ fún wọn pé ọwọ́ òun méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣófo láti máa fi kí àwọn olólùfẹ́. Israel tẹ píánò. Nathaniel lanu.

"Onígbáméjì, akọni ọmọ, a-wọlé-láì..."

Inú rẹ̀ dáhùn. Ó tẹ̀ kòròbà, ó fi orúnkún kan orúnkún, ó gbá ikùn mú. Àwọn èrò wo ara wọn. Wọ́n rò pé ijó tuntun ló dé. Gbogbo pápá tẹ̀ kòròbà, wọ́n fi orúnkún kan orúnkún, wọ́n gbá ikùn mú. Ó sáré sọ́tùn-ún, ó ń wá ọ̀nà àbájáde. Wọ́n sáré sọ́tùn-ún. Ó sáré sósì, wọ́n bá a sáré. Ìyáàfin Fọlọ́runṣọ́ di gèlè mú, òun náà ń tẹ̀. Ọkùnrin tẹlifíṣọ̀n ń pariwo pé irú ijó báyìí ò wáyé rí.

Ibẹ̀ ni Ọ̀kín Etí Ọ̀sà ti bẹ́ sílẹ̀ láti orí pèpéle, tó kó agbádá jọ mọ́ra, tó sì kó sínú tọ́lẹ́ẹ̀tì oníke tí wọ́n gbé sẹ́yìn pèpéle fún àwọn àlejò pàtàkì. Ó ti ilẹ̀kùn. Máíìkì ṣì wà létí rẹ̀.

Ohun tí sìpíkà kọ́kọ́ sọ, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ohun tó sọ tẹ̀ lé e ni, "Ọlọ́run mi. Ọlọ́run àwọn bàbá mi. Ìyá mi o." Ó sì dún dé èbúté. Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gbé e ṣubú sórí wáyà.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ́ṣaléwá ò rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ ohun tó ń gbọ́. Ó sáré dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó sún mọ́ ọn débi pé ohùn tirẹ̀ náà wọ máíìkì.

"Sà, omi wo lẹ mu?"

"Omi kànga Ìjèdè."

"Èyí tí mo kùn lọ́dà pupa?"

"Òun ni."

"Ṣé wọ́n sè é?"

"Wọn ò sè é o, Nọ́ọ̀sì. N ò jẹ́ kí wọ́n sè é."

"Kí ló dé tí ẹ mu ún?"

  Ohùn tó jáde nínú sìpíkà ti kéré.

"Kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún mi ni."

Bàbá Bámgbóṣé bọ́ fìlà. Àwọn ọ̀dọ́ Ìjèdè tó gbé korobá lọ́jọ́ náà ń wolẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó fọkàn balẹ̀, kò ní kú, omi ara rẹ̀ ló ń tán, àwọn sì máa dá a padà. Ó kígbe sí àwọn tó wà nítòsí pé kí wọ́n wá lítà kan omi tí wọ́n ti sè, ṣíbí ìpotíì mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí ìpotíì iyọ̀, kí wọ́n pò ó pọ̀. Nathaniel gbọ́ ọ láti inú, ó sì dì í mú bí ẹni di okùn mú nínú omi.

"Ṣúgà ṣíbí mẹ́fà," ló ń ké, "iyọ̀ ìdajì ṣíbí, omi tí a sè, ẹ bá mi pò ó. Ṣúgà ṣíbí mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pò ó."

Mo ti ní ohùn rẹ̀ dùn. Nínú ìrora, ó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Israel ò mọ ìgbà tí ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé orin náà lórí píánò. Obìnrin kan gba orin náà lẹ́nu rẹ̀, méjì gbè é, kò pẹ́ tí gbogbo pápá fi ń ké pé ṣúgà ṣíbí mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí, omi tí a sè, ẹ bá mi pò ó. Àwọn ìyá Ìjèdè tí kò gbọ́ ti nọ́ọ̀sì láti ọjọ́ yìí ti mọ̀ ọ́n sórí kí wọ́n tó rí ṣíbí.

Ìyáàfin Fọlọ́runṣọ́ da omi lójú. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣe ìgbìmọ̀, òun ò tíì rí olórin tó fi gbogbo ara kọ́ ará ìlú lẹ́kọ̀ọ́ báyìí. Ó gbé ọ̀já oyè, ó sọ̀kalẹ̀, àwọn tẹlifíṣọ̀n tẹ̀ lé e, wọ́n tò síwájú tọ́lẹ́ẹ̀tì. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Aṣojú, ẹ jáde wá gba ọ̀já yín."

"Ẹ má ṣí i," ni sìpíkà wí.

"Ẹ má tijú, gbogbo ayé ń wò yín."

"Ìyáàfin, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣí i. N ò fẹ́ ọ̀já mọ́. Ẹ gbé e fún Nọ́ọ̀sì. Aṣojú ò wọ ṣòkòtò."

 Israel bá wá ohùn gbólóhùn náà lórí píánò, ó sọ ọ́ di orin. Wọ́n gbé Nathaniel Oyèdèjì jáde nínú aṣọ ìbora ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ife omi oníyọ̀ lẹ́nu, wọ́n gbé e la àárín èrò kọjá, gbogbo Ẹ̀pẹ́ sì ń jó, wọ́n tẹ̀ kòròbà, wọ́n ń gbè é lé e lórí pé aṣojú ò wọ ṣòkòtò.